Tábìlì Ẹja Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Akpakpa, ní Kùtọnu, òjòwú ọmọ ni mí, n kò ní fi bò. Kì í ṣe aṣọ ọdún ọmọ ẹlòmíràn ni mo ń jowú, kì í sì í ṣe bàtà. Ẹni tí bàbá mi bá pè pé kí ó wá bá òun di igi mú ni mo ń jowú. Ẹni náà kì í ṣe èmi rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń yọ ewú bíi tèmi, ẹ óò rántí bí àdúgbò wa ṣe rí nígbà náà. Yanrìn ni gbogbo àgbàlá. Ní òwúrọ̀, a óò gbá a títí ìlà ìgbálẹ̀ yóò fi hàn lára rẹ̀, ìyá mi á sì dúró ní ẹnu ọ̀nà láti wò bóyá ìlà náà gún. Lẹ́yìn náà ni ó kan sàlọ́ọ̀, bí a ṣe ń pe yàrá àlejò. Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ ibẹ̀, ó tutù, ó ń dán, iṣẹ́ tèmi sì ni láti fọ̀ ọ́. N óò da omi ọṣẹ sí ìdí ògiri ẹ̀yìn, n óò fi ìgbálẹ̀ tì í díẹ̀, omi náà á sì máa lọ fúnra rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Iṣẹ́ ilé kan ṣoṣo tí mo fẹ́ràn nìyẹn. Bí mo bá ṣe é tán, a óò jẹ àbólò gbígbóná, ìyẹ̀fun àgbàdo tí a fi ooru omi sè, pẹ̀lú ẹja díndín àti mọ́yọ̀, ata àti tòmátì tí ìyá mi rẹ́ sínú òróró, tí alùbọ́sà rẹ̀ máa ń ta ni nímú.

Bàbá mi, ọmọ Pobè, jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan tí ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù ní èbúté. Káfíńtà ni bàbá tirẹ̀. Òun ti kúrò nídìí igi lọ sídìí ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé. Bí ó bá di ọjọ́ ìsinmi, á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ sílẹ̀, á wọ ṣòkòtò àtijọ́, á kó ayùn àti òòlù jáde sí abẹ́ igi máńgòrò, á ní, "Bọ̀n." Kò sí ohun tí ó fẹ́ ṣe tí kì í fi "Bọ̀n", ìyẹn "ó dára" ní èdè Faransé, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà á pariwo, "Músílíù! Wá bá mi di igi mú."

Fòfó Músílíù, nítorí fòfó ni à ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní Kùtọnu, jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Wọ́n mú un wá láti Pobè kí ó lè máa lọ sí kọlẹ́ẹ̀jì lọ́dọ̀ wa. Kò ní ìwà burúkú kankan, èyí sì ni ó ń bí mi nínú jù. Bí ó bá jẹ́ ọmọ burúkú ni, ǹ bá rí nǹkan rò mọ́ ọn. Èmi ni àkọ́bí bàbá mi, èmi ni mo jọ ọ́ lójú, tí mo jọ ọ́ létí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti sún mọ́ igi, wọ́n á ní kí n lọ wo ìkòkò lórí iná. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé ayùn kí n fi gé ẹ̀ka máńgòrò kan tí ó já bọ́, bàbá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n kọjú sí ògiri, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní ayùn kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọbìnrin. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí yanrìn fi kọlà sí mi lórúnkún. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo ń gbọ́ tí ayùn kan náà ń dún lọ́wọ́ Fòfó Músílíù.

Ìyá mi mọ ohun tí ó ń ṣe mí. Á di apá mi tín-ínrín mú, á ní, "Sàfú, òjòwú kò lẹ́ran láyà. Jẹun, jàre." Mo máa ń jẹun, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rán mi pé kí n bu oúnjẹ fún Fòfó Músílíù, ẹja tí egungun rẹ̀ pọ̀ jù ni mo máa ń yàn fún un. Á kí mi, á ní mo ṣeun, á jẹ ẹ́ tán, egungun kò sì há a lọ́fun rí.

Bẹ́ẹ̀ ni a wà nígbà tí ọ̀gá bàbá mi, òyìnbó kan tí ń gbé ní Cadjèhoun lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú, ń múra láti padà sí ìlú rẹ̀. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun wá yan ohun tí ó bá wù wọ́n nínú ẹrù ilé òun. Ẹnìkan gbé fìríjì. Ẹnìkan gbé àga onítìmùtìmù. Bàbá mi gbé ilé ẹja onídígí, èyí tí wọ́n ń pè ní akuaríọ́ọ̀mù, àti àwọn ẹja pupa kéékèèké tí ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀yìn zẹ́mìjàn, alùpùpù akérò wa, ni ó jókòó sí tí ó gbé e wálé. Ó dì mọ́ dígí náà bí ìyá ọlọ́mọ tuntun, ọ̀rá omi tí ẹja wà nínú rẹ̀ sì ń mì dirodiro ní ọwọ́ alùpùpù. Gbogbo ọmọ àdúgbò ni ó sáré tẹ̀lé wọn.

Ìyá mi wo ẹrù náà, ó wo bàbá mi. "Bàbá Sàfú, ẹ kú ọ̀nà. Àwọn ẹgbẹ́ yín gbé fìríjì wálé, ẹ̀yin gbé ẹja tí a kò ní jẹ."

"Ojú ni a ó fi máa jẹ ẹ́," ni bàbá mi wí. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò gbọ́ àbùkù tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹlòmíràn ti gbé irin tí dígí náà ń jókòó lé tẹ́lẹ̀ lọ. A kò sì lè gbé e sílẹ̀, nítorí òjò ti ń ṣú, omi sì máa ń wọ ilé wa bí òjò bá rọ̀ dáadáa. Bàbá mi ní òun yóò kan tábìlì fún un, gíga, alágbára, èyí tí yóò lè gbé dígí àti omi. Kí ó tó parí, inú baáfù ìfọṣọ ni àwọn ẹja wà. Ó wá pín iṣẹ́. "Bọ̀n. Músílíù, igi ni tìrẹ. Sàfú, omi ni tìrẹ."

Omi! Mo ń fa omi kànga, mo ń pààrọ̀ omi ẹja, ọwọ́ mi bó, aṣọ mi tutù, nígbà tí àwọn ọ̀gá méjì wà lábẹ́ máńgòrò tí wọ́n ń fá igi. Igi àpótí ẹrù láti èbúté ni, lẹ́tà pupa ìlú òkèèrè ṣì wà lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dára débi tí n óò fi máa gba ẹ̀yìn wọn kọjá láìnídìí. Àwọn ẹja pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi nínú. Bí bàbá mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìdí baáfù ni ó kọ́kọ́ ń lọ lóṣòó sí. Lẹ́yìn tí ó bá ti wo ẹja tán ni á tó bi mí bí ilé ìwé ṣe rí.

Bí tábìlì náà ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rẹ àwọn ẹja. Baáfù kò gbà wọ́n. Wọ́n ń léfòó, wọ́n ń la ẹnu sókè, ọ̀kan sì ti kú. Bàbá mi ní kí wọ́n ṣe kíákíá. Ìgò ni ó fi ń mọ̀ bóyá igi tẹ́jú: á rọ omi sínú rẹ̀ títí yóò fi ku díẹ̀ kí ó kún, á dé e, á fi í dùbúlẹ̀ lórí igi. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá dúró sí àárín, ó tẹ́jú. Wọ́n gbé tábìlì náà sórí yanrìn tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, wọ́n fi ìgò lé e, afẹ́fẹ́ dúró sí àárín gbọnrangandan. Bàbá mi bọ Fòfó Músílíù lọ́wọ́ bí ọkùnrin ṣe ń bọ ọkùnrin lọ́wọ́. Bàbá mi kò bọ̀ mí lọ́wọ́ rí. Mo gbé garawa mi, mo yíjú sí kànga.

Wọ́n gbé tábìlì wọ sàlọ́ọ̀, wọ́n gbé e ti ògiri, wọ́n gbé dígí lé e, wọ́n ní kí n máa rọ omi sí i. Mo rọ, mo rọ. Kò tí ì dé ìdajì tí bàbá mi fi kígbe pé kí n dúró. Omi náà ga ní apá ẹnu ọ̀nà, ó rẹlẹ̀ ní apá kejì. Tábìlì ń tẹ̀. Bí a bá rọ ọ́ kún bẹ́ẹ̀, dígí lè yọ̀ kí ó fọ́ yángá.

A gbọ́n omi kúrò. Wọ́n gbé tábìlì padà sí àgbàlá, wọ́n fi ìgò lé e: ó tẹ́jú. Wọ́n gbé e wọlé: ó tẹ̀. Wọ́n tún gbé e jáde: ó tẹ́jú. Àwọn méjèèjì ń làágùn, wọn kò wo ojú ara wọn mọ́. Fòfó Músílíù ní bóyá ìgò ni kò dára. Ìyá mi ní bóyá tábìlì náà ń tijú àlejò. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní igi náà tutù, ó ti ń lọ́, wọn yóò tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kí wọ́n wá igi mìíràn. Ó ti ki òòlù bọ ìdí ìṣó. Mo wo àwọn ẹja nínú baáfù. Wọn kò ní dúró de igi mìíràn.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Igi kò ṣe nǹkan kan. Ilẹ̀ ni."

Mo bu omi sínú ife, mo wọ sàlọ́ọ̀, mo dà á sí ìdí ògiri ẹ̀yìn. Omi náà ṣe bí ó ti máa ń ṣe láràárọ̀: ó gba ẹsẹ̀ bàbá mi kọjá, ó lọ, ó lọ, ó jáde ní ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi wò ó títí ó fi dé orí yanrìn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún bíríkìlà, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà, pé kí ó jẹ́ kí ilẹ̀ dà sí ẹnu ọ̀nà, kí omi òjò tí ó bá wọlé lè rọ́nà jáde. Ó ti gbàgbé. Òun kì í fọ ilẹ̀, Fòfó Músílíù kì í fọ ilẹ̀. Ta ni ì bá rántí?

"Bọ̀n," ni bàbá mi wí, jẹ́jẹ́. Ó sàmì sí ẹsẹ̀ tábìlì méjì tí ó wà ní apá ibi tí ilẹ̀ ti ga, ó gbé ayùn, ó sì wò yí ká. "Sàfú, wá bá mi di igi mú."

Mo dì í mú. Bí ayùn ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀, ó ń gbọ̀n mí láti ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ dé eyín, ìyẹ̀fun igi sì ń bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Fòfó Músílíù gbá ìyẹ̀fun náà. Inú mi dùn débi pé n kò wẹ ẹsẹ̀ mi kí n tó sùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, omi dúró déédéé nínú dígí, àwọn ẹja sì ń wẹ̀ káàkiri bí ẹni tí kò rí ìyà rí.

Ṣé owú mi parí? Ó tì o. Bí àlejò bá dé, bàbá mi á na ọwọ́ sí tábìlì, á ní, "Èmi àti Músílíù ni a kàn án." Èmi ni mo ń gbé omi wá fún àlejò, mo sì ń gbọ́. Kò dárúkọ mi, kò dárúkọ ilẹ̀, kò dárúkọ ife omi. Àwọn ẹja náà gbé ayé wọn, wọ́n lọ, a gbé tẹlifíṣọ̀n lé tábìlì. Nígbà tí wọ́n ta ilé tí a kó lọ, kò sí ibi tí a gbé tábìlì náà sí tí kò tẹ̀, ìyá mi á sì máa fi páálí ká sí i lẹ́sẹ̀.

Lónìí, Cadjèhoun ni èmi náà ń gbé, ọkọ̀ òfurufú ń kọjá lórí wa, bàbá mi sì wà lọ́dọ̀ wa. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Fòfó Músílíù ti ní ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń pè wá lórí fóònù ní gbogbo Jímọ̀. Ayé ti yí padà. Àwọn ọmọ kì í gbá yanrìn mọ́, bíríkì ti bo gbogbo àgbàlá. Káró, táìlì dídán, ni ilẹ̀ sàlọ́ọ̀ wa, ó tẹ́jú bí omi inú àwo, ó dára lójú, ṣùgbọ́n bí omi òjò bá wọlé, kò mọ ọ̀nà jáde, abọ́ ni a fi ń gbọ́n ọn.

Láìpẹ́ yìí, ọkọ mi ra ilé ẹja onídígí fún Ràmá, ọmọbìnrin wa. Tábìlì rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù ṣe, ṣùgbọ́n bàbá mi bínú, ó ní ìyẹ̀fun igi kì í ṣe igi. Ó ní kí a bá òun wá pákó. Mo wà ní ilé ìdáná tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti àgbàlá: "Bọ̀n. Ràmá! Wá bá mi di igi mú."

Kò sí ẹni tí ó ní kí Ràmá lọ wo ìkòkò. Inú mi dùn fún ọmọ mi, Ọlọ́run mọ̀. Owú sì ń gún mi láyà, èmi ìyá ọlọ́mọ, ọwọ́ mi wà nínú ọṣẹ. Mo dúró sí ojú fèrèsé, mo ń wò wọ́n. Ràmá ti wọn ẹsẹ̀ tábìlì, ó ti sàmì sí i, ó fẹ́ gé e, ni bàbá mi bá gbé ọwọ́ lé ayùn.

"Dúró ná. Kọ́kọ́ pe ìyá rẹ kí ó wo ilẹ̀ ibi tí a ó gbé e sí. Òun ni ó mọ ilẹ̀. Bí kì í bá ṣe òun, àwọn ẹja wa ayé àtijọ́ ì bá kú tán."

Mo bu omi sínú ife. Mo dà á sórí káró. Omi náà dúró síbi tí mo dà á sí.

"Ó tẹ́jú, Bàbá," ni mo ké sí i.

"Bọ̀n. Ó yá, Sàfú, wá bá mi di igi mú. Ràmá, sún díẹ̀."

Ràmá sún. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Mo mọ irú ojú yẹn dáadáa.