Ọ̀rọ̀ Tí Mi Ò Gbọdọ̀ Sọ Lójú Agbo

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń tú èéfín ní Sàngó lónìí, ẹ̀kọ ni mo ń kiri nílùú Ọ̀tà. Mi ò rí ilé ìwé wọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rọra máa sọ ọ́, ẹ̀yin ọmọ. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́.

Tíṣà kan wá láti Ọ̀yọ́ nígbà náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ gba yàrá ní agboolé wa. Ó ní òun fẹ́ ṣe eré òyìnbó kan tó ti pẹ́ láyé, òun fúnra rẹ̀ ló tú u sí Yorùbá. Eré náà le. Ọba kan ni, agídí ló lé e kúrò lórí oyè, ó sì kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ẹni tí kò ní ará. Ìyàwó tíṣà ló máa ṣe olorì. Wọ́n wá ń wá ọmọbìnrin tó máa sáré mú ìròyìn wá bá a. Ọjọ́ tí tíṣà gbọ́ bí mo ṣe ń polówó, ó yọrí lójú fèrèsé.

"Ẹlẹ́kọ! Ohùn yìí mà ju ti ẹ̀kọ lọ o!"

Kì í fún àwa òṣèré rẹ̀ ní ìwé, ìyẹn sì tù mí lára. Á ní ká lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ká máa wo bí èèyàn ṣe ń rìn tó bá gbé ọ̀rọ̀ búburú dání. "Ẹ má ṣe bí ẹni tó ń sunkún," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Ẹ wá ohun tí ọwọ́ yín á ṣe."

Gbólóhùn tèmi ò ju ẹyọ kan lọ: "Ọba ti kú." Mo ń sọ ọ́ káàkiri ilé, àfi ọjọ́ tí bàbá mi gbọ́.

"Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nílùú tó lọ́ba? Tó bá ti ẹnu rẹ jáde lójú àwọn ìjòyè tí wọ́n pè wá wòran, o ò ní bá wọn ṣeré mọ́ láyé!"

Eré ku ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí òbí mìíràn tó gbà kí ọmọbìnrin rẹ̀ ṣeré. Mo sáré bá tíṣà, mo ní ká kúkú sọ pé ọba wàjà. Ó mirí.

"Ọba tó wà lórí ìtẹ́ ló ń wàjà. Èyí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló kú sí. Irọ́ la máa pa."

Ó káwọ́ lérí títí. Ó wá bi mí pé, tí ọ̀rọ̀ ò bá ṣeé fẹnu sọ nílé yín, kí lọwọ́ ń ṣe? Mo ní lọ́jọ́ tí ọkọ ìyá kan ládùúgbò wa kú, ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa. Ìyá náà kàn jókòó sílẹ̀, ó ń tú irun orí rẹ̀, gbogbo wa sì mọ̀.

Tíṣà mú bírò, ó pa gbólóhùn mi rẹ́ nínú ìwé rẹ̀.

Lọ́jọ́ eré, mo sáré wọlé, mo kúnlẹ̀. Olorì ní, "Ọkọ mi ń kọ́?" Mo ṣí gèlè rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun rẹ̀, ẹyọ kan, ẹyọ kan. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ ké, "Yéè!" Mo wo ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè: èyí tó dàgbà jù ti ṣí fìlà. Bàbá mi dúró lẹ́yìn pátápátá, wọ́n ń fi etí agbádá nu ojú.

Ayé ti yí. Nígbà yẹn, gbogbo ìlú ló ń bá èèyàn wá ibi tí ọ̀rọ̀ ikú á gbà wọlé. Lóṣù tó kọjá, orí ọ̀kadà ni mo wà lọ́nà Igbesa tí fóònù fi dún. Ọmọ àbúrò mi ni. Kò kí mi, kò bèèrè ibi tí mo wà. "Màmá, ìyá mi ti kú o." Ó ní òun ṣì ní àwọn mìíràn tí òun máa pè, ó sì pa fóònù. Mi ò bínú sí i, gbogbo yín lẹ ń kánjú. Ìyá rẹ̀ ni àbúrò kan ṣoṣo tó kù fún mi.

Mo ní kí ọlọ́kadà dúró.

"Ìyá, a ò tíì débẹ̀ o."

Mo ní mo mọ̀, kó ṣáà jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo ṣí gèlè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun orí mi.