Aago Ọwọ́ Òsì Bàbá Onílé

Ibikíbi tí mo bá ti gbọ́ tí aago ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, bàbá onílé wa ní Bódìjà ni mo máa ń rántí. Aago olówó ńlá kan wà lọ́wọ́ òsì wọn. Wọ́n máa ń bọ́ ọ kí wọ́n tó ṣe àlùwàlá, wọ́n á fi ìnujú nù ún, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo bi wọ́n nígbà kan pé irú bátìrì wo ló ń lò.

"Kì í lo bátìrì. Bí mo ṣe ń ju apá ló fi ń ṣiṣẹ́. Èmi ni oúnjẹ rẹ̀."

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú wọn, tí apá òsì yẹn rọ, aago náà dúró. Màmá, ìyàwó wọn, ní ká so ó mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, Bàbá kọ̀. Wọ́n ní aago ló bàjẹ́, kí n gbé e lọ sí Dùgbẹ̀. Ẹni tó ń tún aago ṣe níbẹ̀ tú u wò, ó mì ín títí tó fi ń ṣiṣẹ́, ó sì dá a padà fún mi.

"Kò sí ohun tó ṣe é. Kí ẹni tó ni ín máa ju apá."

N ò lè jíṣẹ́ yẹn. Mo so ó mọ́ wọn lọ́wọ́ òsì, ó tún dúró.

"Ẹni yẹn ò mọṣẹ́," ni Bàbá wí.

Láàárọ̀ tí wọ́n kú, èmi àtàwọn ọmọ wọn la gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti máa wẹ̀ wọ́n. Apá òsì wọn ń fì bí a ṣe ń lọ, aago sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.