Òǹtẹ̀ Mi Lórí Ìwé Ìbejì

Kí n tó di Ọnọrébù, lọ́yà ni mí l'Érúwà. Ìjọba fún mi ní òǹtẹ̀ kan. Ìwé tí mo bá lù ú sí, ohun tí mò ń sọ ni pé mo fojú ara mi rí ẹni tó tẹ̀ka sí i. Iṣẹ́ yẹn ló gbé mi dé ilé aṣòfin n'Ìbàdàn, òun náà ló tún gbé mi dé Àbújà, torí gbogbo Ìbàràpá ló mọ̀ mí, èmi náà sì mọ̀ wọ́n. Mi ò kì í gbàgbé ojú. Mo máa ń fi í yangàn níbi ìpolongo.

Lọ́dún tí mo fẹ́ padà sí Àbújà lẹ́ẹ̀kejì ni kóòtù ránṣẹ́ pè mí. Ìyá àgbà kan láti Tápà ló pẹjọ́. Ìwé kan sọ pé ó ti yọ̀ǹda ìpín rẹ̀ nínú oko bàbá wọn, wọ́n sì ti ta oko náà. Òǹtẹ̀ mi ló wà nídìí ìwé. Ìyá ní òun ò tẹ̀ka síbì kankan, pé ìkejì òun ló ṣe é. Ìbejì ni wọ́n, fọ́tò kan ṣoṣo tó àwọn méjèèjì. Ìkejì yẹn sì ti wági lọ, a kì í kúkú sọ pé ìbejì kú. Èmi nìkan ló kù tó lè sọ ẹni tó wọ ọ́fíìsì mi.

Mo rántí dáadáa. Ẹni tó wá kò ní èékánná ní àtàǹpàkò ọ̀tún. Àdá ló gé e lóko, ó tiẹ̀ fi ṣàwàdà fún mi. Mo wo fọ́tò orí káàdì tó mú wá, mo wojú, mo lu òǹtẹ̀. Èmi ọmọ Igbó-Ọrà, tí ìbejì kún àdúgbò wa, mi ò béèrè bóyá ó ní ìkejì! Inú bí mi sí ara mi.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ra oko náà ni bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ wa, ọwọ́ rẹ̀ sì ni tíkẹ́ẹ̀tì mi wà. Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́.

"Ọnọrébù, ìwé àtijọ́, ta ló ń rántí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù.

Wọ́n fi mí búra. Ìyá di igi iwájú rẹ̀ mú, mo sì rí àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì. Èékánná pé lórí wọn. Adájọ́ wò mí.

"Ṣé obìnrin yìí lẹ rí lọ́jọ́ náà?"

"Olúwa mi, ó ti pẹ́. Mi ò rántí mọ́."

Ẹnì kan pòṣé lẹ́yìn. Adájọ́ ní níwọ̀n ìgbà tí ẹlẹ́rìí kò tako ìwé, ìwé ló dúró. Bí oko ṣe lọ nìyẹn.

Ìyá dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ sórí yanrìn.

"Ọnọrébù, ẹ jọ̀ọ́, oko yẹn nìkan ni mo ní. Bóyá tẹ́ ẹ bá délé, ẹ ó rántí."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó. Adájọ́ ṣì wà nínú ilé lọ́hùn-ún, mo ṣì lè padà wọlé. Níta ibẹ̀, kò sẹ́ni tó fi mí búra, kò sẹ́ni tó ń kọ ohun tí mo bá sọ sílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ dìde, màmá. Mi ò rántí."