Ògiri Tí A Fi Wọn Ọtí

Òórùn páráàgà ni mo kọ́kọ́ fi mọ yàrá náà: òórùn egbò igi tó ti pẹ́ nínú ògógóró, tó dàpọ̀ mọ́ ti ṣọ́ọ̀kì àti ti epo ọ̀kadà lára ẹ̀wù àwọn èèyàn. Kíláàsì ni, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Ọ̀dàn. Ní ọ̀sán gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, àwọn àgbàlagbà á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kúkúrú wọn, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àwọn tí ọtí tàbí oògùn olóró ti ń jọba lé lórí ni. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló ń gbọ́ ẹjọ́ wọn, tó ń gbà wọ́n níyànjú, tó sì mọ ẹni tó yẹ kó tètè dé ọsibítù ní Ìlaro. Èmi kàn wá ti ilẹ̀kùn ni lọ́jọ́ náà. Màmá gbójú sókè, ó ní, “Tíṣà, ìwọ tí o máa ń wọn òjò, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ohun tí à ń ṣe níbí ń ṣiṣẹ́?”

Òótọ́ ni pé mo máa ń wọn òjò. Agolo wàrà kan wà lẹ́yìn yàrá mi tí mo ń fi rúlà wọn omi inú rẹ̀ láràárọ̀, gbogbo àdúgbò ló sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo dúró gbagidi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́, n kò lè ṣàlàyé fún ọ bí ìbéèrè yẹn ṣe dùn mọ́ mi tó. Agolo wo lèèyàn lè gbé kalẹ̀ tí òǹgbẹ ọtí yóò kán sí? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ra ògbólógbòó ìwé nípa irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ní Ìlaro, tí mo ń kà á láìsí olùkọ́.

Ìgbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa ni. Àwọn tó ń fi ọ̀kadà ru ìrẹsì wọlé kò ríṣẹ́ ṣe mọ́, epo bẹntiróòlù gan-an sì di ohun àwátì, nítorí wọn kò jẹ́ kí àwọn ilé epo tó sún mọ́ ẹnubodè rí i tà. Ẹni tó ti máa ń jáde ní ìdájí wá di ẹni tó ń jókòó sídìí páráàgà láti àárọ̀. Ẹgbẹ́ kan láti Abẹ́òkúta ló ń gbọ́ bùkátà iṣẹ́ Màmá. Wọ́n ti kọ̀wé pé àwọn yóò wá wò ó lẹ́yìn oṣù díẹ̀, bí kò bá sì sí ohun tí a lè tọ́ka sí, àwọn yóò gbé iṣẹ́ náà lọ sí ìlú mìíràn. Màmá ní, “Bí wọ́n bá gbé e lọ, àwọn wọ̀nyí kò níbi tí wọ́n máa lọ.”

Mo kọ́kọ́ fẹ́ ka orí. Mo na ìka, mo ní ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Bàbá àgbẹ̀ tó dàgbà jù nínú wọn pariwo mọ́ mi: “Tíṣà, ká ìka ẹ kò! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àbí ewúrẹ́ tó ń lọ sọ́jà ni wá?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kò burú, ife ni n ó kà; kí kálukú sọ iye ife tó mu láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ó ti yẹ, ọwọ́ àgbà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá wúkọ́, ó ní, “Mẹ́sàn-án.” Ẹni tó tẹ̀ lé e ní mẹ́jọ. Ẹni tó tún tẹ̀ lé ìyẹn náà ní mẹ́jọ. Ọlọ́kadà kan ní méje. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá sọ̀ kalẹ̀ sí mẹ́jọ, gbogbo wọn sì bá a sọ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìlà tí mo fà sórí ìwé ń sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Eré ni mo sá gbé e lọ bá Màmá.

Màmá wò ó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Tíṣà, èèyàn mẹ́rìnlá lo kọ síbí, àmọ́ ohùn Bàbá nìkan ni mò ń gbọ́.”

Mo lọ bi ọlọ́kadà náà. Ó rẹ́rìn-ín títí. “Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Tíṣà. Bàbá ní mẹ́sàn-án, kí èmi ọmọ àná wá lanu ní ogún? Ṣé ọtí ni n ó fi ju àgbà lọ?”

Àṣìṣe mi ni, kì í ṣe tiwọn. Ìwọ̀n ni mo pè é, bí ẹni ń kí àgbà ni wọ́n ṣe dá mi lóhùn. Mo bá gbé ìkòkò kan sẹ́yìn pátákó, mo kó èkùrọ́ sínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: kí kálukú dá lọ síbẹ̀, ife kan, èkùrọ́ kan, hóró oògùn kan, èkùrọ́ kan. Àròpọ̀ ohun tí wọ́n fẹnu sọ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú kò pé ọgọ́ta. Èkùrọ́ inú ìkòkò lé ní igba. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àlejò Abẹ́òkúta dé. Ìwé tó rẹwà tó sì purọ́ wà lọ́wọ́ mi ọ̀tún, èyí tó burẹ́wà tó sì jóòótọ́ wà ní òsì. Mo bi Màmá èwo ni kí n fi hàn wọ́n. Ó ní, “Èwo lo lè fi orúkọ rẹ sí?”

Ìyàwó ọlọ́kadà yẹn ló wá pè mí nínú ọ̀sẹ̀ náà. Ó ní òun gbọ́ pé mò ń wá ohun tí n ó kà. “Ẹ gbé téèpù ìwọ̀n yín, ẹ jẹ́ ká lọ sílé.” Ọ̀nà tóóró kan wà láàárín ilé wọn àti ògiri alámọ̀ ilé ìdáná. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti mutí yó bọ̀, irin tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lé lára ọ̀kadà á ha ògiri náà, á sì fi àpá sí i. “Ẹ ka ìyẹn, Tíṣà. Ògiri kì í bẹ̀rù àgbà.”

Mo kúnlẹ̀, mo kà á. Mẹ́tàlélógójì. Gbogbo wọn kò ju ínǹṣì mẹ́wàá sí mẹ́tàlá lọ láti ilẹ̀. Òjò ti fọ ẹnu àwọn tó pẹ́, àwọn tuntun ṣì pupa. Ó fi ìka kan èyí tó gbẹ̀yìn: ọ̀sẹ̀ kẹta tí ọkọ rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ Màmá ni. Kò tún sí mìíràn. Inú mi dùn, lẹ́yìn náà ni mo rántí epo: bóyá àìrí epo rà ni kò jẹ́ kí ọ̀kadà ha ògiri mọ́. “Ṣé ọ̀kadà náà ń jáde?” Ó ní, “Ó ń jáde. Àmọ́ kì í ṣe bíi tàtijọ́.”

Nítorí náà, nígbà tí obìnrin tí wọ́n rán láti Abẹ́òkúta jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, ohun gbogbo ni mo tẹ́ síwájú rẹ̀: ìlà tó rẹwà àti ìdí tó fi jẹ́ irọ́; èkùrọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó dín lẹ́ẹ̀kan, tó sì tún lé sí i; àwòrán ògiri; àti ohun tí n kò mọ̀. Obìnrin náà bi mí ìgbà wo ni n ó mọ̀. Mo ní, “Tí ẹnubodè bá ṣí, tí epo bá pọ̀.” Ó yẹ àwòrán ògiri yẹn wò pẹ́. “Ẹ jẹ́ kí a dúró dè é nígbà náà. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.”

Ẹnubodè padà ṣí. Epo dé, iṣẹ́ dé, ọ̀kadà ń jáde lójoojúmọ́, páráàgà kò sì kúrò lójú ọ̀nà. Ojú ti ọlọ́kadà, ó po amọ̀, ó fẹ́ rẹ́ ògiri náà. Ìyàwó rẹ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ mú: “Fi í sílẹ̀, ìwé ẹ̀rí ẹ nìyẹn.” Ó kùn pé irú ìwé ẹ̀rí wo ni àlejò á máa kà lára ilé òun, ṣùgbọ́n ó da amọ̀ náà nù.

Mo ti rò pé ẹni tó bá ní rúlà tó dára ló máa rí òótọ́. Ilé yẹn ló kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé pẹ̀lú ohun tí mo fẹ́ wọ̀n. Mo ṣì ń yà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún kúnlẹ̀, mo kà á láti ẹnu ọ̀nà lọ sẹ́yìn, mo sì kà á láti ẹ̀yìn bọ̀. Mẹ́tàlélógójì.