Fóònù Olówó Pọ́ọ́kú Tó Fi Mí Sílẹ̀ Láàárín Omi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn bí fóònù ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ rán mi lọ sọ́run ní Minna níbí. Àyà mi ṣì ń já bí òjò bá ti ṣú.

Fóònù mi àtijọ́ ló kú. Mo lọ sí àdúgbò Tunga, lọ́dọ̀ Sodiq tó ń ta fóònù tòkunbọ̀. Ọmọ Ìlọrin bíi tèmi ni, ìyẹn ló jẹ́ kí n fọkàn tán an. Ó gbé méjì síwájú mi. Ọ̀kan náà ni wọ́n lójú tèmi, àmọ́ ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ dáadáa!

Kí ló dé? Ó ní èyí tó wọ́n ṣí sílẹ̀, síìmù yòówù kí n fi sí i, yóò gbà á. Èkejì, iléeṣẹ́ kan lókè òkun ló tì í mọ́ líìnì tiwọn, àmọ́ òun ti tú u. "Alhaja, kò sí wàhálà rárá!" Ó ń pè mí ní Alhaja, èmi tí mi ò tíì dé Mẹ́kà rí. Ó fi síìmù mi sí i fúnra rẹ̀, mo fi pe èèyàn, ó dún. Mo ra èyí tó pọ́ọ́kú.

Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi n'Ílọrin, mò ń wo fídíò, mo tún gba áàpù tó máa ń pe ìrun sórí rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ wo ilé tí mò ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Yàrá kan ṣoṣo ni mo tíì kan páànù lé. Òjò dé bá mi níbẹ̀, ààrá sì ń sán bí ẹni pé èmi ló ń wá. Ẹ mọ ilé wa: bí ààrá bá ti ń sán, a ó yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò lára iná, a ó bo dígí, a ó pa fóònù. Mo pa fóònù.

Òjò ń dá lọ, ṣùgbọ́n odò kékeré tó wà láàárín ilé mi àti títì ṣàdédé kún. Omi wọ yàrá. Ó dé kókósẹ̀ mi, ó dé orúnkún. Èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀! Mo gun orí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò jọ, mo tan fóònù kí n pe ọkọ mi.

Fóònù ní òun ò gba síìmù yìí! Mo fi yẹtí mi yọ síìmù, mo nù ún, mo dá a padà. Pàbó! Nọ́ńbà gbogbo ẹbí mi wà níbẹ̀, mò ń wò wọ́n, mi ò lè pe ẹnì kankan.

Mo figbe ta. Mo fi Hausa kún un: "Ku taimake ni! Ẹ gbà mí o!" Mò ń rí àwọn tó sá òjò sí mọ́sáláṣí tó wà lódìkejì odò. Ọ̀kan tiẹ̀ juwọ́ sí mi! Ó rò pé mò ń kí òun ni.

Búlọ́ọ̀kù ti ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìgbà yẹn ló wá sọ́kàn mi pé ìpè ìrun orí fóònù kò nílò síìmù. Mo gbé ohùn rẹ̀ sókè dé òpin, mo nà án síta lójú fèrèsé, mo tẹ̀ ẹ́. Astaghfirullah, àsìkò ìrun kankan kò tíì tó!

Ohun tí igbe mi ò lè ṣe, ìpè yẹn ṣe é. Bàbá àgbàlagbà kan jáde ní mọ́sáláṣí pẹ̀lú ìbínú, ó ń pariwo ní Hausa pé wèrè wo ló ń pe ìrun ní irú àkókò yìí. "Lokaci bai yi ba!" Àsìkò ò tíì tó! Ó ń bọ̀ wá bá ẹni náà wí, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ìgbà tí wọ́n dé etí omi ni wọ́n tó rí ibi tó mu mí dé. Bàbá pariwo: "Subhanallahi! Hajiya!" Àwọn ọkùnrin di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n wọ omi, wọ́n gbé mi jáde.

Bàbá ò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀ o! Bí mo ṣe ń gbọ̀n, ó ní lọ́jọ́ mìíràn, Hajiya, kí n pe èèyàn, kí n má pe ìrun. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, tomijétomijé.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ Sodiq, ó lanu: "Ha! Alhaja, ṣé ẹ pa á ni? A kì í pa á o!" Ẹ gbọ́ o, fóònù tí èèyàn ò gbọdọ̀ pa! Àṣé Sodiq ò tú nǹkan kan. Nǹkan pẹlẹbẹ kan tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ síìmù, tí mo rò pé ara síìmù ni, ló ń tan fóònù jẹ. Bí a bá pa á, ẹ̀tàn lè tán. Mo fowó kún un, mo gba èyí tó ṣí sílẹ̀.

Fóònù tí wọ́n tì mọ́ líìnì kan lè dára fún ẹni tó wà níbi tí líìnì náà wà. Kí ni tiwa níbẹ̀? Ẹ wo abẹ́ síìmù, ẹ pa fóònù, ẹ tún un tàn níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ fi pe èèyàn kí ẹ tó sanwó. Bó bá ní ẹ má pa á, ẹ dìde!

Ọkọ mi ní ẹ̀rù mi ti pọ̀ jù. Bí mo bá fẹ́ jáde báyìí, inú yàrá ni mo ti ń kọ́kọ́ pè é, òun náà sì wà ní pálọ̀. Ó máa ń kùn, àmọ́ ó máa ń gbé e. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ni fóònù ti já kulẹ̀ rí lójú ewu? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí ẹlòmíràn lè kọ́gbọ́n.