Omi Tó Wú Màmá Lẹ́sẹ̀

Àmì ìka mi lára ẹsẹ̀ Màmá ni ọkàn mi kọ́kọ́ ń lọ sí bí mo bá rántí ọdún náà. Bí mo bá tẹ ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ibẹ̀ á jìn bí ẹ̀bà tí a fìka tẹ̀, kò sì ní tètè kún padà. Omi ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá wọn fínra tipẹ́, dókítà sì ti fún wọn ní oògùn tó ń fa omi ara jáde nínú ìtọ̀, pé kí wọ́n máa lo ẹyọ kan láràárọ̀.

Nígbà náà, mo ti sọ ara mi di ọ̀mọ̀ràn nínú ilé wa ní Kémta. Mo ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, mo sì ń ṣàlàyé fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè: iyọ̀ ló ń dá omi dúró sára, bí omi bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ inú iṣan náà á pọ̀ sí i, ọkàn á máa fi tipátipá tì í, ògiri iṣan á sì máa jẹ ìyà rẹ̀. Mo kó iyọ̀ àti Mágí kúrò ní ilé ìdáná. Ọbẹ̀ wa tẹ́. Màmá á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní, “Dókítà ilé, ṣé ẹ̀fọ́ yìí náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni?”

Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀, ìfúnpá wọn á lọ sílẹ̀. Bó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè, á tún ga. Ní Mọ́ńdè kan, wọn kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́, nítorí bí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀, mímí á di ìjàkadì. Ìjókòó ni wọ́n wà nínú mọ́tò títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Dókítà bi wọ́n bóyá wọ́n lo oògùn wọn lánàá. Màmá kọ́kọ́ wo ojú mi.

“Ìyá Ìjọ ni mí, dókítà. Iwájú pátápátá ni mo ń jókòó. Ṣé kí n máa dìde lọ tọ̀ lójú gbogbo ìjọ, kí àlùfáà tó wàásù tán?”

“Sátidé ńkọ́, Màmá?”

“Ọjọ́ ìsìnkú nìyẹn. Ta ló ń tọ́jú ilé ìtọ̀ de arúgbó lóde òkú?”

“Ẹ lò ó bí ẹ bá délé.”

“Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń délé. Ṣé kí n má sùn ni?”

Ọjọ́ méjì láìlo oògùn, pẹ̀lú ìrẹsì oníyọ̀ òde òkú: gbogbo omi ti padà sára.

Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lo oògùn náà lójú mi. Wọn kò bá àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ síwájú. Ẹ̀yìn pátápátá, nítòsí ilẹ̀kùn, ni wọ́n jókòó sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n wà títí di òní. Àwọn kan ṣì gbà pé ìjà pẹ̀lú àlùfáà ló lé wọn kúrò níwájú, Màmá kò sì tú àṣírí náà fún wọn. Èmi ń jókòó tì wọ́n. Ìwàásù á máa lọ, ọkàn mi kò sì ní balẹ̀ títí n ó fi rí i pé wọ́n dìde, tí wọ́n rọra gba ẹnu ọ̀nà jáde.