Àwọn Tó Ń Kọjá Lẹ́yìn Nínú Sinimá

Kí n sọ tèmi tààrà: mi ò fẹ́ràn sinimá Íńdíà. Ọmọbìnrin á máa sunkún, òjò á máa rọ̀, wọ́n á tún máa kọrin nínú òjò náà, bẹ́ẹ̀ òtútù kì í mú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Síbẹ̀, ní ọdún tí mò ń sọ yìí, nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, kò sí sinimá Íńdíà tó dé Atakpamé, ìlú wa ní Tógò, tí mi ò wò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ń tìtorí rẹ̀ lọ.

Ilé sinimá wa nígbà náà kò lórùlé. Ògiri lásán ló yí i ká, wọ́n kun ọ̀kan ní funfun, ara ògiri yẹn ni àwòrán ti ń hàn. Bí oòrùn bá ti wọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ta kólíkó, ìyẹn iṣu díndín, máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí afẹ́fẹ́ bá sì gbé èéfín wọn wọlé, á gba iwájú iná ẹ̀rọ sinimá kọjá, ojú àwọn òṣèré á wá máa mì bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò. Aránṣọ ni mí, aṣọ àwọn òṣèré ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Aṣọ àwọn ará Íńdíà dára, mi ò lè pa irọ́ mọ́ wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní abúlé kan nítòsí Moretan. Ọkọ yìí lọ ṣiṣẹ́ lóko kòkó ní Gáná, ó pẹ́ níbẹ̀, kò ránṣẹ́ sílé. Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé ó ti kú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ náà ọkùnrin gbéra, ó lọ sí Gáná. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún un pé àwọn ti sin ín, wọ́n sì di irun àti èékánná rẹ̀ sínú aṣọ funfun lé e lọ́wọ́, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó bá kú sí òkèèrè. Ohun tí a sin nílé nìyẹn. Gbogbo ìdílé sunkún. Èmi náà sunkún, nítorí èèyàn dáadáa ni, ìyàwó kékeré ló máa ń pè mí. Nígbà tí wọ́n gbé aṣọ ọ̀fọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó tì í padà sọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá.

"Èékánná lẹ sin," ó ní. "Ẹ ò tíì sin ọkọ mi."

Wàhálà dé. Wọ́n ní bí opó bá kọ̀ tí kò wọ aṣọ ọ̀fọ̀, òkú ọkọ rẹ̀ kò ní rí ibi jókòó, á kàn máa rìn kiri láàrin wa ni. Àgbàdo ẹnì kan kò yọ, wọ́n ní òkú náà ni. Ọmọ ẹnì kan jí lójú oorun ó ń pariwo, òkú náà ni. Àwọn àgbà ilé ọkọ sọ fún un pé tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn bá dé tí kò bá tíì wọ aṣọ yẹn, kó kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú ilé. Mo lọ mú un wá sọ́dọ̀ wa ní Agbonou, àdúgbò wa ní Atakpamé, mo ní màá bá a sọ̀rọ̀ títí á fi gbọ́. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro mí. Kì í jẹun kánú, kì í dá èèyàn lóhùn. Ọjọ́ tó sú mi ni mo ní kó dìde ká lọ wo sinimá, bóyá á rí nǹkan mìíràn fi sínú.

Níbi sinimá àkọ́kọ́ gan-an ló ti rí i. Ọmọbìnrin kan ń kọrin láàrin ọjà, àwọn èèyàn ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàdédé di ọwọ́ mi mú pinpin, ó ní ọkọ òun ló kọjá lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yẹn. Mo bi í pé kí ló gbé ọkọ rẹ̀ dé Íńdíà. Ó ní òun náà kò mọ̀, ṣùgbọ́n òun mọ bí ọkọ òun ṣe ń rìn. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ tutù lára mi, ẹ̀rín náà kò jáde.

Láti ìgbà náà, òun ló ń lé mi pé ká lọ. Àwọn Fadá fi sinimá ìjìyà Olúwa hàn wá nígbà ààwẹ̀. Ó ti gbó, ara rẹ̀ sì ti họ, ó dà bíi pé òjò ń rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lójú tèmi, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ inú rẹ̀ nìkan ló mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi rí ọkọ rẹ̀ láàrin àwọn tó ń pariwo pé kí wọ́n kan Jésù mọ́gi. Ó dùn ún gan-an. Nígbà tí a ń darí lọ sílé, ó ń sọ ọ́ pé ọkùnrin yẹn kì í ṣe aláriwo, ta ló wá kó sí i lórí.

Sinimá Ṣáínà wù mí díẹ̀. Wọ́n á pa ọ̀gá ẹnì kan, ẹni náà á lọ kọ́ ìjà lórí òkè, á padà wá na gbogbo ìlú, ìró ẹ̀ṣẹ́ wọn á máa dún bí ẹni tó ń gbọn ẹní. Sinimá Faransé kan wá tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ rárá: ọkùnrin jókòó lójú fèrèsé, ó ń mu sìgá, obìnrin wọlé, obìnrin jáde. Àwọn èèyàn ń dìde lọ tọ̀, wọn kò padà. Kò sí èrò tó ń kọjá lẹ́yìn nínú sinimá yẹn, síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi wò ó dópin. Ó ní ọkọ òun kò wá lónìí. Ohùn tó fi sọ ọ́ bà mí lẹ́rù, nítorí ohùn ìyàwó tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ de ọkọ ni.

Ìgbà òjò ni sinimá àwọn ẹlẹ́ṣin oníbọn dé. Ọ̀gbẹ́ni kan wà nínú rẹ̀ tí a ti rí tẹ́lẹ̀ tí wọ́n yìnbọn pa, tí wọ́n sì sin ín lójú wa. Bó ṣe tún gun ẹṣin wọlé báyìí, tòun ti irun imú, gbogbo ilé sinimá hó pé àkúdàáyà ni. Ẹ mọ àkúdàáyà: ẹni tó kú nílé, tó tún lọ ń gbé níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń fẹ́yàwó, tó ń bímọ. Àwọn tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá rí i tó pe orúkọ rẹ̀, á pòórá. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ojú mi ti kúrò lára àwọn tó wà níwájú. Àwọn tó ń kọjá lẹ́yìn ni mò ń wò: ẹni tó gbé apẹ̀rẹ̀, ẹni tó dúró ti ògiri, ẹni tó yíjú padà kí èèyàn tó rí i dáadáa. Inú ń bí mi sí ara mi, àmọ́ mi ò lè ṣíwọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Àwọn ará ilé ọkọ ránṣẹ́, mo sì bá ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé kí ọ̀rọ̀ náà lè ní ìparí. Ọjọ́ tí a dé bọ́ sí ọjọ́ ọjà Moretan. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀gbìn òwú ti gbé mọ́tò wọn wá, wọ́n ta aṣọ funfun sáàrin igi máńgòrò méjì, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi sinimá han gbogbo ìlú tí ilẹ̀ bá ṣú. A lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ẹni tó lọ sí Gáná, jókòó tì wá.

Mi ò wo sinimá tó sú mi tó yẹn rí. Ọwọ́ ń gbin òwú, ọwọ́ ń bo ilẹ̀. Kòkòrò ara òwú hàn, ó tóbi tó ewúrẹ́, àwọn ọmọdé sá. Òṣìṣẹ́ kan ń fi èdè Ewe ṣàlàyé nínú gbohùngbohùn. Ó ní ẹ wá wo àgbẹ̀ kan ní agbègbè Notsé, tó tẹ̀ lé ìmọ̀ràn àwọn, tí òwú rẹ̀ sì ṣe dáadáa.

Ọkùnrin náà yọ. Kò sí lẹ́yìn, iwájú ló wà. Kó tó bẹ̀rẹ̀ láti já òwú, ó wo ẹ̀yìn láti èjìká òsì bí ẹni tí wọ́n pè, bí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí wa, ó rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan dúró tì í, ó pọn ọmọ. Ọmọ náà na ọwọ́, ó ń fa etí rẹ̀.

Gbogbo ọjà dá a mọ̀. Ariwo ẹ̀rọ iná nìkan ló kù. Mi ò mọ̀ pé mo ti di apá ẹni tó jókòó tì mí mú.

"Kí ẹnikẹ́ni má pè é lórúkọ," ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde. Ó bọ́ sáàrin iná, òjìji rẹ̀ sì lọ bá ara aṣọ funfun náà. Ó bo obìnrin yẹn, ó bo ọmọ, ó ku ọkùnrin náà nìkan tó ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó. Ó la ẹnu, kò pe orúkọ náà, títí àwòrán náà fi kọjá tí kòkòrò òwú tún padà dé.

Mo lọ bá òṣìṣẹ́ náà. Mo bi í ìgbà tí wọ́n ya ọkùnrin yẹn. Ó ní ìgbà ìkórè tó kọjá ni, òun fúnra òun wà níbẹ̀, ọkùnrin náà bọ iṣu fún àwọn jẹ, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu. Kí ìgbà ìkórè yẹn tó dé ni a ti sin irun àti èékánná rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ ronú kan orúkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dì í lọ́wọ́ mú, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má dárúkọ náà.

Àwọn àgbà kò sùn dáadáa. Wọ́n ti fẹnu kò pé àkúdàáyà ni, pé kí a fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Èmi kò gbà. Ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ tó ń gba Notsé kọjá dúró lójú ọ̀nà. Mo wọ inú yàrá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó gbé gèlè rẹ̀ ká lọ, tí ẹ̀rù bá ń bà á, èmi ni màá pe ọkùnrin náà lórúkọ. Mo bá a tí ó jókòó sórí ẹní, aṣọ ọ̀fọ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Inú bí mi. "Látọdún tó kọjá lẹ ti ń sọ pé kò kú," mo ní. "A ti wá rí i báyìí."

Ó tú aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀, ó ń fi ọwọ́ na ibi tó ká.

"Tí mo bá dé ọ̀hún tí mo pè é lórúkọ, tó sì pòórá, ó ti kú nìyẹn, màá padà wálé wá ṣọ̀fọ̀ rẹ̀," ó ní. "Tí mo bá pè é, tí kò pòórá ńkọ́?"

Ọkọ̀ náà fun fèrè lójú ọ̀nà, ó fun ún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lọ. Mo bá a di aṣọ ọ̀fọ̀ náà mọ́ra.